Bọ́sárì Ìjọba fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Ìmọ̀ Ogún Ìbílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá A Títí Tí Yóò Fi Wọlé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá bọ́sárì àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ àwalẹ̀pìtàn." A wá a títí. Ti South Africa ló kọ́kọ́ jáde, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá, iṣẹ́ ọnà àti àṣà ti máa ń gbé bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kalẹ̀ tó dárúkọ ẹ̀kọ́ ogún ìbílẹ̀ gan-an. Àmọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn ló wà fún. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Àbí kí n kúkú yí kọ́ọ̀sì padà?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Èmi náà kọ́ ìmọ̀ àwalẹ̀pìtàn, mo sì jẹ bọ́sárì. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ fọ́ọ̀mù, n kò tíì rí fọ́ọ̀mù ìjọba wa kan tó ní ti àwalẹ̀pìtàn nìkan lòun, tàbí ti ìtàn, tàbí ti èdè Yorùbá, tàbí ti iṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Owó wà, ṣùgbọ́n ìlú bàbá rẹ ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò kọ kọ́ọ̀sì rẹ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi orúkọ kọ́ọ̀sì wá a yóò wá a tì. Ohun tí wàá bi ara rẹ ni pé: ọmọ ibo ni mí, ilé ẹ̀kọ́ ta ni mo wà, ìwé wo ni mo ní lọ́wọ́ tí yóò jẹ́rìí mi?

Àbúrò ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé "ìwọ". Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń kà á fún ọmọ yín, ẹ má bínú.

Orúkọ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Kí o tó ṣí ìkànnì kankan, kó gbogbo ìwé rẹ jáde, kí o tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì: èsì WAEC tàbí NECO, ìwé ìgbaniwọlé JAMB, ìwé ọjọ́ ìbí, síìpù NIN, káàdì ilé ẹ̀kọ́, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́, fọ́ọ̀mù àwọn kọ́ọ̀sì tí o forúkọ sílẹ̀ fún, àti ìwé báǹkì tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀. Ka orúkọ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Má kàn fojú gbá a lọ.

Fọláṣadé ni orúkọ mi. Nínú ìwé WAEC mi, "Folasade" ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi ṣí àkáǹtì kọ "Folashade", torí bó ṣe gbọ́ ọ létí nìyẹn, kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ kò sì ní àmì tí a ń fi sábẹ́ "ṣ". Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, ṣebí ẹnu kan náà la fi ń pe méjèèjì. Nígbà tí mo dé ọdún kejì, orúkọ mi jáde láàárín àwọn tí wọ́n fún ní bọ́sárì. Mo yọ̀, mo pe ilé. Owó àwọn ẹgbẹ́ mi wọlé, tèmi kò wọlé. Wọ́n ní orúkọ orí àkáǹtì kò bá ti fọ́ọ̀mù mu, owó ti padà síbi tó ti wá. Kí n tó ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí n tó gbé e dé báǹkì, wọ́n ti pa ìwé ọdún yẹn dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí kíláàsì wa lọ walẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ kò ní rí máàkì. Ní Ìsẹ́yìn, màmá mi ṣí àpótí, wọ́n gbé ẹtù tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn hun fún wọn nígbà ìgbéyàwó, ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé, wọ́n tà á fún obìnrin kan tó fẹ́ ṣe òkú. Àmì bíńtín kan lábẹ́ lẹ́tà kan ló gbé aṣọ yẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo orúkọ sí gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi létí.

Tí orúkọ rẹ kò bá bára mu, wo ìwé tó le jù láti yí padà, òun ni kí o fi ṣe òpó, kí o wá mú àwọn yòókù bá a dọ́gba. WAEC ló sábà máa ń jẹ́ òpó yẹn. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń fi NIN forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ dandan, nítorí náà àṣìṣe inú NIN yóò wọ JAMB, yóò gba ibẹ̀ wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwọ yóò sì máa sáré lé e káàkiri. Tún ti NIN ṣe ṣáájú. Ọjọ́ ìbí ni kí o bẹ̀rù jù níbẹ̀: owó tí wọ́n ń gbà láti tún un ṣe ti lé ní ₦25,000 báyìí, nígbà tí ti orúkọ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Báǹkì kì í le bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbúra láti kóòtù máa ń tó wọn fún lẹ́tà kan tàbí méjì, àfi tí orúkọ bá yí pátápátá ni wọ́n ń béèrè ìkéde nínú ìwé ìròyìn.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mò ń rí lójoojúmọ́. NIN jẹ́ nọ́ńbà 11, BVN náà jẹ́ 11, nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ 10. Àwọn ọmọ a máa fi NIN sí ojú BVN, ìkànnì á gbà á nítorí pé iye rẹ̀ pé, ó di ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ pé "a kò mọ ẹni yìí". Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kan, kí o kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lọ sílé lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀

Bọ́sárì ìpínlẹ̀, ti ọmọ ìpínlẹ̀ ni. Ìwé tó ń fi èyí hàn ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fọwọ́ sí. Ibí yìí ni àwọn tí wọ́n bí sí Èkó tàbí sí Ìbàdàn máa ń há sí, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ tí o ń gbé kọ́ ni yóò fún ọ, ti ìlú bàbá rẹ ni. Obìnrin tó ti lọ́kọ náà, ti bàbá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè, nítorí náà má torí pé o ti lọ́kọ lọ jókòó sí ìlú ọkọ. Èkó tún ní tirẹ̀ tó yàtọ̀: yàtọ̀ sí ìwé ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n ń béèrè nọ́ńbà LASRRA, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ náà. Tètè lọ ṣe é.

Má rán ènìyàn gba ìwé yìí fún ọ. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti fún ẹnì kan lówó kó bá ọ gbà á, kó sì fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ fún àyẹ̀wò tí wọ́n sì bi ọ́ pé agbolé wo ni, tí o wá ń wo òkè, ọjọ́ náà ni wàá mọ ohun tó ná ọ.

Báyìí ni tèmi ṣe lọ. Èmi àti bàbá mi wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, torí ẹni tó máa fún wa ní lẹ́tà tí a máa gbé lọ sí káńsù, olórí agbolé wa, kì í kúrò nílé ní Sátidé. A bá wọn lórí òfì. Wọn kò dúró, ọ̀kọ̀ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín òwú, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?" Mo dárúkọ bàbá mi. "Ta ló bí i?" Mo dárúkọ bàbá àgbà. "Ta ló bí ìyẹn?" Mo dákẹ́. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Bàbá náà wá dá òfì dúró, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì wa, láti ẹni tó kọ́kọ́ tẹ agbolé náà dó títí dé orí bàbá mi, wọ́n sì ní kí n tún un sọ kí àwọn tó fọwọ́ síwèé. Mo tún un sọ ní ìgbà mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ajé, ní káńsù, wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù méjì, mo sanwó, mo gba rìsíìtì, àkọ̀wé sì fọwọ́ sí i.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ogún ìbílẹ̀, ìrìn yìí ni iṣẹ́ pápá àkọ́kọ́ rẹ. Gbé ìwé àti bírò dání. Béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ibi tí ẹ ti ń pọn omi, béèrè ta ló kọ́ ilé tó ti wó lẹ́yìn agbolé, ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n bá gbà. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ọdún kẹrin, òun náà ni mo sì fi dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn tó ń fún wa ní bọ́sárì.

Fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Ọdún mìíràn wọ́n á kéde, ọdún mìíràn wọn ò ní ké sí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì lè ṣí ìkànnì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Nítorí náà, má dúró de ìkéde kí o tó wá ìwé. Ibi tí mo ti ń gbọ́ tètè ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olóyè wọn ló máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ìkéde sì máa ń dé ọwọ́ wọn kó tó dé orí rédíò. Forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o máa lọ sí ìpàdé.

Jẹ́ kí o mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ́sárì àti sikọláṣíìpù. Bọ́sárì ni owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́, kì í sábà béèrè èsì tó ga. Sikọláṣíìpù máa ń béèrè èsì gíga, ó sì máa ń pọ̀ jù ú lọ. Tí èsì rẹ bá dára, kọ méjèèjì tí òfin wọn bá gbà á. Mo ti rí ọmọ tó ní èsì tó tayọ tó kọ bọ́sárì nìkan nítorí pé kò ka ojú ewé kejì.

Fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ tí o bá rí i, má fi fóònù kékeré. Gbogbo ìwé tí o bá máa gbé sórí ìkànnì, fi ẹ̀rọ sikáànà yà á dáadáa, má fi fóònù yà á lórí ẹsẹ̀ rẹ kí òjìji orí rẹ wà lórí rẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó yé ènìyàn. Lo ímeèlì tìrẹ, má lo ti káfé. Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọ máa ń padà wá bá mi pé ímeèlì ẹni tó bá àwọn kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n lò, ẹni náà ti kó lọ, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ ojú ewé wọn mọ́. Tí o bá ti fi í ránṣẹ́, tẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ rẹ, kí ọ̀kan wà nílé.

Ibi tí o ti máa ṣàlàyé ara rẹ

Kì í ṣe gbogbo fọ́ọ̀mù ló ní i, ṣùgbọ́n tó bá ní àyè tí wọ́n ti sọ pé kí o kọ ìdí tí o fi ń ka kọ́ọ̀sì rẹ, ibẹ̀ ni kí o ti lo àkókò jù. Àwọn ọmọ wa máa ń kọ pé àwọn fẹ́ràn àṣà, pé àṣà ń kú lọ, pé ó yẹ ká gbé e lárugẹ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kọ irú ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Sọ ohun kan tí ojú rẹ rí, ní ibì kan tí ẹni tó ń kà á lè wakọ̀ dé.

Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan jókòó tì mí lọ́dún kan, ó kọ ojú ewé kan nípa ìfẹ́ àṣà. Mo bi í léèrè pé kí ló wà lẹ́yìn oko màmá àgbà rẹ̀. Ó ní yàrà Sùngbọ́ ni, Eredo. Mo ní ṣé o ti wọnú rẹ̀ rí? Ó ní láti kékeré ni, pé ògiri rẹ̀ ga débi pé oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀, ewéko tútù ló bo ara rẹ̀, pé àwọn kan ti ń gbẹ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ fi kọ́lé. A pa gbogbo ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ó kọ ọ́ pé odi àti yàrà kan tó gùn lé ní 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó 20 mítà, ń gba ẹ̀yìn oko àwọn kọjá, pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn irú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó kù kí káńsù tó la ọ̀nà gbà á. Gbólóhùn mẹ́fà péré ni. Àwọn tó dá a lóhùn béèrè nípa yẹ̀ẹ̀pẹ̀ yẹn nìkan.

Fi Yorùbá rò ó kí o tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n béèrè. Sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé tí kò lọ sí yunifásítì. Ibi tó bá ti ní "ẹn-ẹ́n?" ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí ó bá wà. Wọ́n á bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń fi kọ́ọ̀sì yìí jẹun. Àwọn kan á tún bi ọ́ bóyá babaláwo lo fẹ́ dà. Má rẹ́rìn-ín, má sì bínú. Ní ẹ̀rí lẹ́nu. Èmi sọ fún wọn pé ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni irin wọn kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Pé ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan òmíràn ní Ìta Yemòó, Frank Willett, onímọ̀ àwalẹ̀pìtàn, sì gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa, ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Mo ní, ẹ̀yin alàgbà, lójoojúmọ́ la ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ yìí. Ta ni yóò wà níbẹ̀ tí yóò mọ àpáàdì tó jẹ́ ilẹ̀ ààfin yàtọ̀ sí àpáàdì orí ààtàn?

Lóde òní, ìdáhùn rẹ tilẹ̀ rọrùn ju tèmi lọ. Jámánì dá iṣẹ́ idẹ ilẹ̀ Bìní bí ogún padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Netherlands dá 119 padà ní 2025. Àjọ UNESCO fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2023, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì ti wà nínú tirẹ̀ láti 2005. Ìwé ìjọba àtijọ́ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ilé àkójọ ìwé tí Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1954 wà, ń fẹ́ ẹni tí yóò kà á, tí yóò tò ó, tí yóò yà á sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó gbó. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́. Wí fún wọn bẹ́ẹ̀, kí o dárúkọ èyí tó sún mọ́ ìlú rẹ.

Lọ́jọ́ náà, gbé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gan-an dání, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ dáadáa, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ tí àyè bá gbà á. N kò mọ ìwé òfin tó kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ń wò ó.

Ti ìjọba àpapọ̀

Èyí tó kan àwa tó ń kọ́ ogún ìbílẹ̀ jù níbẹ̀ ni ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ní àyájọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦75,000 fún sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń gba oyè ìmọ̀ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, àti ₦50,000 fún àwọn tó ń ṣe NCE. Tí kọ́ọ̀sì rẹ bá jẹ́ Yorùbá pẹ̀lú ìmọ̀ olùkọ́, tàbí ìtàn pẹ̀lú ìmọ̀ olùkọ́, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, torí wọ́n rò pé àwọn tó ń kọ́ ìṣirò ni wọ́n ń bá wí. Wádìí ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ìmọ̀ olùkọ́ yín bóyá wọ́n ti fi orúkọ ṣọwọ́ fún ọdún yìí. Àmọ́ má fi ṣe owó tí o máa san owó ilé pẹ̀lú rẹ̀, owó náà lè pẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé àtijọ́ hàn ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò tàbí Hungary lábẹ́ àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, mọ̀ pé ìjọba ti fòpin sí níná owó lórí ètò náà ní 2025. Ìwé rẹ̀ ṣì ń kiri. TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ńkọ́? Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń rán lọ sẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ oyè kìíní. Fi í sọ́kàn fún ọjọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́ síṣẹ́ ní ẹ̀ka yín.

Èkejì ni NELFUND, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Òfin rẹ̀ tó wà lójú iṣẹ́ báyìí ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Òfin àkọ́kọ́, ti 2023, ní kí òbí má ní owó tó ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ó sì ń béèrè onídùúró. Ti 2024 mú méjèèjì kúrò. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ máa ń lọ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́, ₦20,000 lóṣù sì máa ń wọ àkáǹtì rẹ fún oúnjẹ àti ìnáwó tí o bá béèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá sìnrú ìlú tán ni sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ ni ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ yóò máa yọ. Yunifásítì aládàáni kò sí níbẹ̀.

Tí ìyá rẹ bá ń ta nǹkan nínú ilé kó lè san owó ilé ẹ̀kọ́, lọ kọ ọ́. Tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá ti wà nílẹ̀, má jẹ gbèsè tí kò pọn dandan. Tí o bá ti san kí tiwọn tó dé, ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó dá tìrẹ padà, nítorí náà rìsíìtì rẹ kò gbọ́dọ̀ sọnù. Orúkọ tí mo ti sọ lókè ló tún wà níbí o: JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà máátíríkì gbọ́dọ̀ jọ sọ ìtàn ẹnì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkànnì yóò dá ọ padà.

Nígbà tí owó bá wọlé

Ó lè má pọ̀. Kí o tó ná an, béèrè ní ẹ̀ka yín iye tí ìrìn iṣẹ́ pápá máa jẹ, yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìnáwó tó ń mú àwọn ọmọ àwalẹ̀pìtàn ní òjijì nìyẹn: owó ọkọ̀, ibi tí ẹ máa sùn, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun èlò tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ra irin pẹlẹbẹ irú èyí tí bíríkìlà fi ń rẹ́lé, kékeré, tí abẹ rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀. Ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta, onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn kì í ṣe fún ẹnu. Àpáàdì la fi ń fọ̀. A máa ń da omi sínú abọ́, kì í ṣe èyí tó ń ṣàn, a óò mú àpáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gba etí rẹ̀ tó ti fọ́, torí ibẹ̀ ni amọ̀ inú rẹ̀ ti ń hàn, lẹ́yìn náà a óò yí i, a óò fọ ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́ kí ọnà tí wọ́n fi ọ̀já yí sí i lára má bàa pa rẹ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ lórí pẹpẹ la máa ń kọ nọ́ńbà kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ojú ìka ẹni tó mọ ìkòkò kan nínú amọ̀, tí ó bá àtàǹpàkò mi mu wẹ́kú, n kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọdún kẹta, bọ́sárì mi wọlé, orúkọ ti bára mu. Mo gbé owó náà lọ sí Ìsẹ́yìn, èrò mi ni pé kí a lọ ra ẹtù màmá mi padà. Wọ́n bá mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó rà á. Ó ní òun ti fi sin ìyá òun, kò lè kúrò lọ́wọ́ òun mọ́. Màmá mi ní òótọ́ ló sọ. Nígbà tí a dé ìta, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n lọ fi owó náà ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ejò. Mo rà á. Bàtà náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi ní Agbowó.

Àwọn tó ń fi bọ́sárì jí owó ènìyàn

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ìjọba kì í gba owó kí ó tó fún ọ ní bọ́sárì, àfi owó ìwé ọmọ ìbílẹ̀ àti ìwé ìbúra tí o ń sanwó rẹ̀ ní káńsù àti ní kóòtù, tí wọ́n sì ń fún ọ ní rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí o san ìdajì ṣíwájú kí orúkọ rẹ lè jáde, gbájú-ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ATM rẹ láti san owó sínú àkáǹtì rẹ, kò sì sí ẹni tó nílò nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Èyí tó bá pè ọ́ lórí fóònù pé òun wà ní ọ́fíìsì, sọ fún un pé o ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́la. Yóò gé fóònù.

Kíkọ lọ́dún mìíràn

Bọ́sárì ọdún kan kì í sábà gbé ọ dé ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní kí o tún un kọ, kí o mú èsì ọdún tó kọjá wá pẹ̀lú lẹ́tà olórí ẹ̀ka pé o ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti gbà á lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò tún kọ ọ́ mọ́. Má dúró di ìgbà tí ìkànnì bá ṣí kí o tó lọ bẹ olórí ẹ̀ka. Lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́mẹ́sítà, láàárọ̀, kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tó kún ẹnu ọ̀nà wọn. Mú lẹ́tà tí o ti tẹ̀ sílẹ̀ dání, kí wọ́n kàn kà á, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà náà, kà á sókè kí o tó kúrò níwájú wọn.